Orúkọ Ìyá Mi Lára Ògiri

Ọkùnrin tó kọ orúkọ ìyá mi mọ́ àwọn òtòṣì, ọmọ orí òkè Dassa bíi tiwa ni. Ohun tí mi ò lè dárí rẹ̀ jì í nìyẹn. Ká ní òyìnbó ni, ǹ bá ní kò gbédè.

Ó gun alùpùpù wá sí abúlé wa lẹ́yìn Gbaffo, ọdún ìbílẹ̀ wa. Ó ní gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ti pinnu láti fòpin sí òṣì, kí ọrọ̀ lè kárí. Ìyá mi pa adìyẹ fún un, ó gúnyán, ó gbé e kalẹ̀, ó sì sọ ohun tí a máa ń sọ fún àlejò: "Ẹ má bínú, ọmọ mi, a ò ní nǹkan kan." Ta ni kò mọ̀ pé "ẹ jẹun" ni ìtumọ̀ ìyẹn? Ọkùnrin náà jẹun, ó họ abọ́, ó nu ẹnu, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé fíìsì tó ń kọ orúkọ wa sí pé wọn ò ní nǹkan kan. Àká iṣu mẹ́ta wà lẹ́yìn ilé. Kò tilẹ̀ yọjú wò wọ́n.

Wọ́n lẹ orúkọ àwọn òtòṣì paraku mọ́ ara ògiri ilé ìpàdé. Ti ìyá mi ló ṣáájú. Nígbà tí ọdún Màríà dé, tí àwọn obìnrin ìjọ ń gba iṣu kiri láti fi bọ́ àwọn àlejò tó wá gbàdúrà, wọ́n fo ilé wa. Wọ́n ní kí màmá sinmi. Ogún iṣu ló ti ṣà sílẹ̀ dè wọ́n. Ó jókòó tì í, ó ń sunkún.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo lọ ya ìwé náà kúrò lára ògiri, mo tọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ọkùnrin náà padà wá béèrè bóyá òṣì ti dínkù. Ọ̀sán gangan ni, ìyá mi wà lóko. Mo bu omi fún un kó fọwọ́, mo gbé abọ́ olómorí síwájú rẹ̀. Ó ṣí i. Ìwé náà ló wà níbẹ̀.

"Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Òtòṣì paraku ló sè é."

Ó dìde. Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Inú mi dùn dé góńgó.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilé tí àlejò ti fi ebi jáde nilé òtòṣì. Òun kọ ọ́ sínú ìwé lásán. Ìwọ lo sọ mí di òtòṣì."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Síbẹ̀, bí ọkùnrin yẹn bá padà wá lọ́la, abọ́ kan náà ni n ó gbé fún un.