Aláǹtakùn Tó Dorí Kodò

"Na apá rẹ síwájú, ọkọ mi, bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn."

Ìyá àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka méjì tẹ aṣọ pélébé kan tó ní àwọ̀ ìyeyè mọ́ apá òsì mi, nísàlẹ̀ èjìká. Ìka náà ń rùn àdín, bó ṣe máa ń rùn nígbà gbogbo. Mo na apá. Aláǹtakùn dúdú tí wọ́n rán sára aṣọ náà, tó ti dorí kodò tẹ́lẹ̀, wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà ń wò ó títí apá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. N kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Òun ló bí bàbá mi. Iṣẹ́ àdín ló ń ṣe. Ìró òkúta tó fi ń pa ẹkùrọ́ la fi ń jí ní agboolé wa ní Ọ̀tà: kò, kò, kò, lẹ́yìn náà ìdákẹ́ díẹ̀ nígbà tó bá ń ṣa èèpo kúrò. Tó bá di ọ̀sán, ìkòkò ti wà lórí iná, èéfín á gba ilé kan, á wọ aṣọ, á wọ irun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní iléèwé a máa di imú tí mo bá jókòó tì wọ́n.

Kí wọ́n tó bí mi ni àbúrò bàbá mi, àbígbẹ̀yìn Ìyá àgbà, ti bá àwọn ọmọ ogun òyìnbó lọ jagun ní Bọ́mà, lókè òkun. Kò pa dà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Àlápòtì, ló mú nǹkan méjì wá lẹ́yìn ogun: ọ̀pẹ kékeré tí wọ́n fi idẹ ṣe, èyí tó máa ń wà lára fìlà wọn, àti aṣọ pélébé aláǹtakùn tí wọ́n ń rán mọ́ apá. Wọ́n ní ẹkún kò jẹ́ kí ọkùnrin náà lè sọ̀rọ̀. Ó kó wọn lé Ìyá àgbà lọ́wọ́, ó sì lọ láìjẹun.

Ọ̀pẹ kò ṣòro fún un. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń jẹ lára ẹkùrọ́. Ó ní àwọn òyìnbó náà mọ ohun tó ń bọ́ wa. Ó gbé e kọ́ ara ògiri, ó sì ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kó lè máa dán. Aláǹtakùn ni kò lè gbà. Lọ́dọ̀ wa, ilé tí kò sí èèyàn mọ́ ni aláǹtakùn ń ta okùn sí bó ṣe wù ú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyàwó ilé fi ń na ìgbálẹ̀ sí àjà kí àlejò tó dé. Ìyá àgbà gbà pé ńṣe ni wọ́n fi aṣọ náà ránṣẹ́ sí òun pé ilé ọmọ òun ti di ahoro, nítorí kò láya, kò bímọ. Pé orí aláǹtakùn náà tún wà nísàlẹ̀ bí òkú kòkòrò, ìyẹn ló dùn ún jù. Ìyá mi ní kó yí i sókè kó lè dà bí èyí tó ń gun ògiri. Ìyá àgbà tẹ́ ẹ sí ìdí àpótí, sábẹ́ gbogbo aṣọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìdajì ọmọ rẹ̀ ń dán lára ògiri, tí ìdajì kejì wà nínú òkùnkùn.

Ní àárọ̀ kan nígbà ọyẹ́, ó kó ẹrù àpótí náà sóòrùn. Ọkùnrin kan wà tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, ó wá láti apá Ọ̀ṣun, pákó ló ń là. Ará òkè ni Ìyá àgbà ń pè é. Òun náà á ní èéfín àdín Ìyá ti lé gbogbo ẹ̀fọn Ọ̀tà wọ yàrá òun. Ó ń lọ wẹ̀ nígbà tó rí aṣọ pélébé náà lórí okùn. Ó dúró, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ojú Ìyá àgbà yí pa dà.

"Ará òkè, òkú ọmọ mi lo fi ń rẹ́rìn-ín?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì ní ìdí. Ó ní kó má bínú, ayọ̀ ló pa òun lẹ́rìn-ín, òun náà wọ irú rẹ̀ ní Bọ́mà, òun kò sì rò pé òun tún lè fojú kàn án láyé. Ó ní àwọn ará Góòlù Kóòsì tó wà láàárín wọn máa ń sọ pé aláǹtakùn kò lágbára, ọgbọ́n ló fi ń borí ẹranko ńlá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í ṣe àmì àwọn tó ń ja ogun inú igbó. Ìyá àgbà ní ìyẹn dáa, kí ló wá dé tó dorí kodò bí ohun tó ti kú?

"Kò kú, Ìyá. Ẹ fi sí apá ọmọ yìí, kí ẹ ní kó nà án. Tí apá bá wà nílẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Tí a bá gbé ìbọn, iwájú ló kọjú sí. Òun ló máa ń ṣáájú wa."

Bí mo ṣe na apá nìyẹn. Ìyá àgbà bi í bóyá iwájú ni ọmọ òun kọjú sí lọ́jọ́ tó kú. Mo rò pé ọkùnrin náà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun kò sí níbẹ̀, òun kò sì ní parọ́ fún un. Ohun tí òun mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó rán an mọ́ wọn lápá láti fi sọ pé ilé ẹnikẹ́ni di ahoro.

Ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ apá mi sílẹ̀.

"Ó ń lọ ni," ló sọ. "Ó kàn ń lọ ni."

Ó kan aṣọ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ idẹ, orí rẹ̀ nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá ń gbá àjà, ó máa ń fi igun kan tí aláǹtakùn ta okùn sí sílẹ̀ lókè ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìyàwó ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ojú Ìyá kò ríran dé òkè mọ́. Á ní kí wọ́n fi olùṣọ́ òun sílẹ̀ fún òun. Yunifásítì ni mo wà nígbà tó kú. Bàbá mi ní ó ti sọ pé kí wọ́n rán aláǹtakùn náà mọ́ apá òun sin òun. Ọ̀pẹ ló fi sílẹ̀ fún mi.

Ibi tí a ti ń ṣa ẹkùrọ́ ti di ilé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ní Ìyànà Ìyẹsí ní Ọ̀tà níbí, mo máa ń rí àwọn ọmọ yunifásítì tó wọ kóòtù tó ní àmì láyà. A máa ṣe mí bíi kí n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbé sáyà. N kì í bi wọ́n. Òórùn ẹkùrọ́ tó ń yọ lórí iná ni mo ń wá ní àdúgbò náà. N kò tíì rí i.

Ọmọbìnrin tó ń bá mi gbálẹ̀ mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ kan igun òkè ẹnu ọ̀nà. Apá òsì mi ti le, kì í gòkè dáadáa mọ́. Láàárọ̀, tí mo bá nà án sínú ẹ̀wù, mo máa ń jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀ kí n tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń wò ó.