Sẹ́ńsọ̀ Lórí Orúnkún Bàbá Mi

Mo mọ iṣẹ́ mi, mi ò sì ní torí ìtìjú pa á mọ́ra. Láti inú yàrá mi ní Ijapo, ní Àkúrẹ́, mo lè kọ́ ilé sínú kọ̀ǹpútà, kí n kan òrùlé rẹ̀, kí n jẹ́ kí oòrùn ràn wọlé, kí n sì sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó ní igun kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni mo fi ń ṣe é. Kì í ṣe èyí téèyàn lè dì mú o. Inú àwòrán ilé yẹn ló wà, abala pẹlẹbẹ kékeré tí mo lè gbé síbi tó bá wù mí. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà lé e, á kà á, á fún mi ní iye rẹ̀. Ẹni tó bá bá mi jiyàn, mo máa ń ní kó lọ bá sẹ́ńsọ̀ jà.

Oǹdó ni bàbá mi ń gbé. Àwọn ló ń yẹ kòkó wò ní sítọ́ọ̀ kan tí wọ́n ti ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀bẹ la hóró kòkó sí méjì, wọ́n á wo inú rẹ̀: èyí tó dáa á pọ́n rúsúrúsú, èyí tó ti bu á hu funfun. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni oníbàárà dá àpò tí bàbá mi ti yẹ̀ wò padà, torí kòkó tó bu wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó ni sítọ́ọ̀ fi sùúrù sọ ọ́ pé ojú Bàbá ti di bàìbàì, kí wọ́n lọ sinmi tí oṣù bá parí. Bàbá ní irọ́ ni, sítọ́ọ̀ ló ṣókùnkùn. Wọ́n bá pè mí lórí fóònù pé kí n wá bá àwọn wádìí ẹ̀.

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ní kí wọ́n wọn sítọ́ọ̀ náà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo kọ́ ọ sínú kọ̀ǹpútà, mo to sẹ́ńsọ̀ sórí tábìlì tí mo rí nínú fọ́tò, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ìmọ́lẹ̀ tó dáadáa. Mo tún un ṣe, ibì kan náà ló já sí.

"Bàbá, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ojú yín."

"Kò burú," ni wọ́n wí. "Ìwọ ni ẹnjiníà."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó láti mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹnu iṣẹ́ ni mo bá wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tábìlì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òṣùwọ̀n àti ìwé ló kún orí rẹ̀. Orí àpótí kúkúrú ni bàbá mi jókòó sí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, wọ́n gbé pátákó lé orúnkún, wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń la kòkó. Bí wọ́n ṣe ń jókòó nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ní táwọn bá kọjú sí ọ̀nà, àgbẹ̀ tó ni kòkó á máa fi ojú bẹ àwọn. Mo mọ èyí dáadáa, ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn ni mo máa ń dúró sí tí mo bá ti iléèwé dé. Mo wá jókòó sí Àkúrẹ́, mo ń wọn ìmọ́lẹ̀ fún òṣùwọ̀n. Inú bí mi sí ara mi.

Mo jókòó sórí àpò kòkó, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo ya ẹnì kan sínú àwòrán sítọ́ọ̀ náà, tó jókòó, tó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, mo gbé sẹ́ńsọ̀ kúrò lórí tábìlì, mo gbé e lé orúnkún rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ já wálẹ̀ débi pé mo rò pé mo ti ṣì í tẹ̀. Òjìji bàbá mi fúnra wọn ló ń bo kòkó mọ́lẹ̀. Mo yọ páànù kan kúrò lára òrùlé inú àwòrán náà, mo fi èyí tí oòrùn lè gbà kọjá rọ́pò rẹ̀, lókè orí wọn gan-an. Ìmọ́lẹ̀ padà dé. Mo fi han ọ̀gá, ó ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà.

A sún ọ̀rọ̀ dókítà síwájú, mo dúró di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí kápẹ́ńtà kan páànù náà tán, ọ̀gá gbé ọ̀kan nínú àpò tí oníbàárà dá padà síwájú bàbá mi. Wọ́n jókòó, ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Wọ́n la àkọ́kọ́, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n la èkejì, wọ́n ní ó ti bu. Nígbà tí wọ́n ṣa àwọn tó bu jọ tó ẹ̀kúnwọ́, ọ̀gá ò mẹ́nu ba ìsinmi mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo sọ pé ojú yín ni."

Wọn ò gbójú sókè. "Mo ti gbà pé ojú mi ni," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo sáà sọ ọ́."

Wọ́n la kòkó mìíràn, wọ́n na ìdajì rẹ̀ sí mi.