Omi Tí Hajia Mu

Èmi ni mo kọ́ Hajia bí wọ́n ṣe ń kọ nóòtì ìkọ́ni nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ wa ní Tudun Wada. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ wá yàn án pé kó bá wọn lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀ ní Kaduna, mo pàtẹ́wọ́ bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi nínú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ìjọba ní olùkọ́ ti pọ̀ jù nígboro, àwọn yóò kó wa pín sí àwọn abúlé. La bá yanṣẹ́ lódì. Ọkọ mi ti wà lórí ibùsùn láti ọdún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ ló mú un. Èmi ni mo ń gbé e dìde, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá gbé mi lọ sí abúlé, ta ni yóò ṣe é?

Síbẹ̀, kí n má parọ́, ìyẹn kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Wọ́n fi fọ́tò ìpàdé sórí Wasáàpù. Hajia jókòó sáàárín, híjáàbù rẹ̀ funfun báláú, ọ̀gá ìjọba kọjú sí i bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Kí ló ní tí n kò ní? Ṣé èmi ò gbọ́ Hausa ni? Mo ń fẹ fọ́tò náà sí i, ni mo bá rí ike omi ìjọba níwájú rẹ̀, ó ti mu ún dé ìdajì.

Òfin wa ni pé aṣojú wa kankan kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ tàbí omi ìjọba. Alága wa kì í yé wí pé ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ní ìpàdé gbogbogbò, mo dìde, mo na fóònù mi sókè, mo ní kí wọ́n fojú ara wọn wò ó. Ariwo sọ. Hajia ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lòun fi omi náà lò. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo dákẹ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi mí rọ́pò.

"Ó dáa, àǹtí mi," ni Hajia wí fún mi. "Ọlọ́run á bá yín ṣe é."

Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ ra bàtà tuntun.

Ní Kaduna, ọ̀gá ìjọba wò wá lọ wò wá bọ̀. "Ina Hajiyar nan?" Ó ń béèrè ibi tí Hajia wà. Mo ní ara rẹ̀ kò yá.

Ó ní ó mà ṣe o, pé Hajia kò jẹ́ kí òun sinmi lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ọkọ rẹ̀ kò lè dìde nílẹ̀. Ó ní Hajia sunkún níwájú òun pé bí wọ́n bá gbé obìnrin náà lọ sí abúlé, ọkùnrin yẹn yóò kú, òun sì ti ń rò ó láti yọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kúrò lára àwọn tí wọn yóò gbé lọ.

Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí Hajia bá a dé.

N kò mọ ibi tó bá a dé. N kò bi í.