Ẹ̀gbin Tó Wà Nínú Fóònù Mọ́mì

Tí mo bá ti rántí ohùn obìnrin yẹn báyìí, ara mi á kọ́kọ́ bù máṣọ. Kì í ṣe ohùn ẹni tó ń ké kéwú o. Ohùn ẹni tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ ni, tó ń rẹ́rìn-ín ìṣekúṣe, tó ń pe ọkùnrin pé kó wá. Inú sípíkà ńlá ló sì ti ń jáde, láàárín mọ́ṣáláṣí, níwájú gbogbo ìyá àgbà àdúgbò wa ní Igbó-Elérin.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni, àsàlátù ń lọ lọ́wọ́. Mọ́mì mi ló jókòó síwájú. Àwọn ni wọ́n máa ń kọ́ àwọn ìyá ní Fátíhà àti àwọn súrà kéékèèké, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn ni ò láǹfààní ilé kéwú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Alfa tó kọ́ Mọ́mì fúnra wọn ti padà sí Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ka gbogbo ẹ̀ sínú fóònù fún wọn, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan. Mọ́mì á so fóònù mọ́ sípíkà láìsí wáyà, alfa á ké ìlà kan, Mọ́mì á dá a dúró, gbogbo ìyá á gbà á. Bó ṣe ń lọ nìyẹn jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn, alfa ké ìlà tiẹ̀ tán, Mọ́mì tẹ fóònù kó dúró, obìnrin yẹn bá bẹ́ jáde. Mo wà lẹ́yìn, mo rí i bí ojú Mọ́mì ṣe yí padà. Wọ́n tẹ àmì kékeré tó yẹ kí wọ́n fi pa á, òmíràn tún là. Wọ́n tẹ ìyẹn náà, ariwo ìpolówó tẹ́tẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ni wọ́n bá yára fa ìborùn wọn bo fóònù. Kò dákẹ́. Wọ́n gbé e sábẹ́ itan, wọ́n jókòó lé e! Ẹ̀yin èèyàn mi, inú sípíkà lariwo ti ń jáde o, Mọ́mì wá jókòó lé fóònù bí adìyẹ tó ń sàba. Èmi ni mo sáré lọ fa okùn iná sípíkà yọ.

"Àsìtàfírúlàhì!" Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló pariwo ẹ̀. Obìnrin tó máa ń gbé báàgì síwájú àyà ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rí, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀. "Alhaja, ṣé ohun tẹ́ ẹ máa ń wò nílé nìyẹn? Ṣé òun náà lẹ fẹ́ kọ́ wa?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Àdínì, tó jẹ́ àgbà gbogbo wa, gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n, Alhaja, tí irú eléyìí bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á jẹ́ pé ẹ máa sinmi díẹ̀, kí ẹlòmíràn máa kọ́ni. Mọ́ṣáláṣí ni ibí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Mọ́mì jù. Ẹ ní láti mọ ohun tí ìjókòó yẹn jẹ́ fún wọn. Ike ni wọ́n ń tà, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́, ní mámì máákẹ́ẹ̀tì, ọjà inú bárékè àwọn sójà ní Ọ̀jọ́. "Ìyá Oníke, èló lèyí? Ìyá Oníke, ẹ gbà, mi ò rà á mọ́." Bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni wọ́n máa ń di ẹni tí èèyàn ń wojú ẹ̀ kó tó lanu.

Nígbà tá a délé, wọ́n ò jẹun. Wọ́n gbé fóònù sórí wíńdò bí ẹni gbé òkú eku.

"Mi ò wo nǹkankan o," ni wọ́n ń sọ. "Ìwọ ọmọ mi, ṣé o gbà mí gbọ́?"

"Mọ́mì, mo gbà yín gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo fídíò?"

"Ju nǹkan yẹn sí ṣáláńgá."

"Ohùn alfa ńkọ́?"

Wọ́n yíjú sí wíńdò. Mo mú fóònù.

Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mo ń kọ́ látìgbà tí mo ti ṣe wáẹ́ẹ̀kì tán, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Okokomaiko, létí ẹ́síprẹ̀ẹ̀sì. Ìyẹn ni mo ṣe mọ̀ pé ọwọ́ Mọ́mì mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí inú fóònù yẹn lórí tábìlì lọ́jọ́ kejì, áàpù burúkú ló kún ibẹ̀. Èyí ń pe ara ẹ̀ ní tọ́ọ̀ṣì, kò tan iná kankan, ó kàn ń jẹ dátà ni. Èyí ní òun máa ń fọ fóònù mọ́, òun gan-an ló ń gbé àwòrán ìhòòhò wá! Ìkan wà tí kò lórúkọ rárá, àmì ẹ̀ ò hàn síta, ó kàn lúgọ síbẹ̀ bí aáyán lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kí n yọ wọ́n kúrò, kò gbà. Kì í ṣe Mọ́mì ló fi wọ́n síbẹ̀. Bí fóònù ṣe wà nínú páálí tuntun, tí wọ́n fi ọ̀rá wé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wà nínú ẹ̀. Bóyá àwọn tó ṣe é ni o, bóyá ẹni tó kó o wọ̀lú ni o, ẹnì kan jókòó níbì kan, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kó ẹ̀gbin sínú nǹkan tí ìyá oníke máa fowó rà. Ó sì lọ sùn!

Ọ̀gá mi ní kí n nu gbogbo inú ẹ̀ kúrò, kí fóònù padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Mo kọ́kọ́ kó ohùn alfa sínú mẹ́mọ́rì káàdì, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ lórí fóònù tèmi kó má lọ di pé ìkan ti sọnù, kí n tó nù ún. Kí n tó dá síìmù padà, obìnrin yẹn ti dé.

Ọ̀gá mi fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ah! She no dey tire! O ò rí i, láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ti bá a wá. Bá ìyá ẹ tà á fún ẹlòmíì, kó fi owó ẹ̀ kún òmíràn."

"Ọ̀gá, kí ìyá ẹlòmíì wá máa gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí tiwọn?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé Mùsùlùmí ló máa rà á? A lè tà á fún ọmọ kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó kó mi nírìíra. Bí fóònù yẹn ṣe dé ọwọ́ Mọ́mì gan-an nìyẹn, ẹni tó tà á fún wọn ní kí ọjà òun ṣá ti tà.

Ohun kan wà tí mo ti ń kà nípa ẹ̀ tipẹ́. Gbogbo fóònù ló ní sọ́fítíwíà ńlá tó ń darí ẹ̀ látinú, òun ló ń sọ fún un bó ṣe máa pe èèyàn, bó ṣe máa ya fọ́tò. Ti Mọ́mì ló bàjẹ́ yẹn. Àmọ́ àwọn èèyàn wà káàkiri ayé tí wọ́n jọ ń kọ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, ọ̀fẹ́ ni, gbangba ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè ka gbogbo ẹ̀, kó rí i pé kò sẹ́ni tó lúgọ síbẹ̀. Mo rí ìkan tí wọ́n ní ó lè bá oríṣiríṣi fóònù mu, títí kan àwọn tí orúkọ wọn ò jọ orúkọ. Mo bẹ ọ̀gá kó yá mi ní láàpútọ́ọ̀pù.

"Tó o bá pa á, mi ò sí níbẹ̀ o," ló wí, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́yìn mi.

Mo kọ́kọ́ já lọ́ọ̀kù tí àwọn tó ṣe fóònù fi sí i. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó tuntun wọlé. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó bá dúró. Ojú fóònù ṣókùnkùn. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dì í mú, kò sí nǹkankan.

"Ìnnà lílàhì," ni ọ̀gá mi wí, ọmọ Sẹ́lẹ́ tó ń wọ sùtánà ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. "Ó ti di bíríkì. Lọ fi dí ihò ògiri."

Omi ti ń bọ̀ lójú mi. Mo ń wo okùn tí mo fi so ó mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, mo rí i pé ìdí ẹ̀ ti ṣẹ́, téèpù ló dì í mú. Mo lọ yá okùn gidi ní ṣọ́ọ̀bù kejì, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó wọlé! Iná tàn lójú ẹ̀, ó ń yí roboto, ó bá ṣí! Mo kígbe débi pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà níta yíjú. Mo fò mọ́ ọ̀gá mi, mo tún fò sílẹ̀, mo ń jó láìsí orin! Ẹ ò rí bó ṣe mọ́! Ibi ìpè, ibi àtẹ̀jíṣẹ́, fọ́tò, aago, ó parí. Kò sí tọ́ọ̀ṣì tí kì í tàn, kò sí obìnrin. Mo dá ohùn alfa padà síbẹ̀, mo jókòó tì í, mo ń dúró de ìdọ̀tí, ìdọ̀tí ò dé!

Mọ́mì gbà á lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Kí ló dé tó dákẹ́ báyìí?"

"Bó ṣe yẹ kí fóònù dákẹ́ nìyẹn, Mọ́mì."

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Tí èèyàn bá pa fóònù yẹn, tó tún tan án, ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ dúdú, á wá kọ òyìnbó pé wọ́n ti já lọ́ọ̀kù fóònù yìí, kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Àwọn tó ṣe fóònù ló fi ìkìlọ̀ yẹn sísàlẹ̀ pátápátá, mi ò lè yọ ọ́. Ó rí mi lára ju obìnrin yẹn lọ! Ẹ wò ó, ẹni tó da pàǹtí sí pálọ̀ yín, tẹ́ ẹ gbá a jáde tán, ló wá kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn yín pé ẹ̀yin lẹ dọ̀tí. Mo sọ fún Mọ́mì pé kí wọ́n má pa á rárá.

Sọ́ńdè dé. Àṣé Ìyá Àdínì ti gbé òfin tuntun kalẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ wa: kí oníkálukú pa fóònù pátápátá kó tó jókòó. Mọ́mì mi tí wọn kì í rú òfin, wọ́n pa tiwọn níwájú gbogbo èèyàn. Mo gbé ọwọ́ lé orí.

Nígbà tó tó àkókò kéwú, wọ́n tan án. Akọ̀wé ti na ọrùn. Ó kà á sókè ní òyìnbó, ó wá yí i sí Yorùbá fún wọn: "Ó ní fóònù yìí kò ṣeé fọkàn tán o! Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá! Fóònù fúnra ẹ̀ ló ń jẹ́rìí ta ko Alhaja!"

Ẹ̀rín sọ. Mọ́mì yíjú sí mi. Mo dìde.

"Ta ló kọ nǹkan tó kà yẹn?" Ìyá Àdínì ló bi mí.

"Àwọn tó ṣe fóònù ni, mà."

"Ta ló wá fi obìnrin ọjọ́sí síbẹ̀?"

"Àwọn náà ni, mà, tàbí àwọn tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí obìnrin yẹn wà nínú ẹ̀, fóònù ò kìlọ̀ fẹ́nì kankan. Ó ní dáadáa lòun wà. Ìgbà tí mo lé e jáde ló wá ní kẹ́ ẹ má fọkàn tán òun."

"Wọ́n mà láyà o!" ìyá kan wí látẹ̀yìn. "Ojú ò tì wọ́n?"

"Àwọn wo ló ṣe èyí tó o wá fi sí i?" Ìyá Àdínì tún bi mí.

"Àwọn èèyàn káàkiri ayé ni, mà. Gbangba ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á."

"Ìwọ ti kà á?"

"Rárá, mà. Kò tíì yé mi tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó yé ń kà á, wọ́n sì ń bára wọn jà lórí ẹ̀ ní gbangba."

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀tọ̀. Ìyá Àdínì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Alhaja, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ."

Mọ́mì tẹ̀ ẹ́. Ohùn alfa jáde kedere, ó ké ìlà kìíní. Mọ́mì dá a dúró.

Kò sẹ́ni tó gbà á. Gbogbo wọn ti na etí, wọ́n ń dúró de obìnrin yẹn! Mo ń wo sípíkà, Akọ̀wé ń wo sípíkà, Ìyá Àdínì gan-an ń wò ó. Nǹkankan ò jáde.

Mọ́mì gbójú sókè. "Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ ń wò? Ṣé ẹ ò ní gbà á ni?"

Wọ́n bá gbà á! Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n. Ìyá Àdínì náà ń gbà á, ó dijú. Inú mi dùn, mo fẹ́ ké, mo fẹ́ sá jáde lọ sọ fún àwọn oníkẹ̀kẹ́! Mọ́mì fa ẹní wọn síwájú díẹ̀, wọ́n na ẹ̀yìn.

"Akọ̀wé," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin nìkan ni mi ò gbọ́ ohùn yín."

Akọ̀wé gbé báàgì sílẹ̀. Ó ké e lábẹ́nu.

"Sókè díẹ̀ sí i," ni Mọ́mì wí.