Èmi àti Màmá Pọ́bẹ̀ Lábẹ́ Tapólì

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Màmá Pọ́bẹ̀ fi ń gbá ilẹ̀kùn mi ní Ìjoún. "Ṣé oorun lo wá sùn láyé ni?" Ó ti wọṣọ, ó ti so gèlè, báàgì wà léjìká.

Pọ́bẹ̀ ni Màmá lọ́kọ sí, lọ́hùn-ún ní òdìkejì bodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Bí wọ́n ṣe ti bodè pa ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Àjàní, aládùúgbò mi, kú níhìn-ín, wọ́n sì ti sin ín kí àbúrò tó gbọ́. Eléfẹ̀ ni Bàbá, akéwì tó ń da aṣọ bojú lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó ń fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ olówó àti tálákà, tí gbogbo ìlú á sì máa gbè é. Kò gbà kí wọ́n ya fọ́tò òun rí. Nígbà tí Màmá gbọ́ pé wọ́n ti gbé ère rẹ̀ sí ọgbà ìgbafẹ́ ní Ìláròó, ó gba ọ̀nà oko wọlé. "Mo fẹ́ rí ojú ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní. "Lónìí náà ni mo sì gbọ́dọ̀ padà."

Ọ̀kadà kan là ń gùn, àwa méjèèjì lẹ́yìn ọlọ́kadà. Inú ìgò ló ti ń ra epo nítorí pé wọn kì í gbé epo wá sí ẹ̀gbẹ́ bodè mọ́, ni owó ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì. Eruku pupa kùn wá bí osùn.

Lẹ́yìn Ẹ̀gúá, àwọn aṣọ́bodè dá wa dúró, wọ́n ń wá ìrẹsì. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ̀gá wọn: "Bọ̀ǹjúù!" Ẹ káàárọ̀ nìyẹn lédè Faransé. Mo ní ó ti tú ara rẹ̀ fó pé òdìkejì bodè ló ti wá.

"Màmá, níbo lẹ ti gbọ́ Faransé?" ni ọ̀gá náà bi í.

"Rédíò ni, ọmọ mi."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní ká máa lọ.

Ní Ọjà-Ọ̀dàn, a jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Àkàrà náà ò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo bi alákàrà léèrè ohun tó dé. "Bodè ni!" Ẹ̀wà tó gbìn sẹ́yìnkùlé rẹ̀ ló fi dín in o!

A dé Ìláròó, a rí ère. Tapólì búlúù ni wọ́n fi bò ó látorí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà wí. "Ọlọ́lá tó máa ṣí i ò tíì ráyè. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i."

"Ìgbà wo ló máa ráyè?"

"Bóyá oṣù tó ń bọ̀."

Àánú Màmá ṣe mí gan-an. Ló bá fi ìborùn nu ojú. "Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ṣé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ rẹ̀?"

Ọkùnrin náà họ orí. "Wọn ò sọ ìyẹn o."

Èmi tí mo ti léwú lórí, mo rá tẹ̀lé Màmá wọ abẹ́ tapólì bí ọmọdé! Mo tan iná fóònù. Màmá wo ère náà títí.

"Ta nìyí?"

"Bàbá ni."

"Àjàní tó rù yẹn? Ta ló ń bọ́ ọ láti ìgbà tó kú?"

A rẹ́rìn-ín débi pé tapólì ń mì. Ẹ̀rín Màmá di ẹkún. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ lé ère léjìká, ó sì dá orin kan tí n kò gbọ́ rí, orin páálí, ìwé ìrìnnà tí wọ́n ń béèrè ní bodè:

"Ewúrẹ́ ń lọ, ewúrẹ́ ń bọ̀,
Ta ló bi ewúrẹ́ ní páálí?"

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ dúró níta. Nílùú mìíràn, wọn ì bá ti sá lọ. Ṣùgbọ́n ní Yewa, bí ẹni tó bojú bá dá orin, gbígbè là ń gbè é. Ẹnì kan gbè é, èkejì gbè é, kò pẹ́ tí ọgbà fi kún: "Ewúrẹ́ ò ní páálí o!" Mo gbọ́ ohùn ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà láàárín wọn. Èmi àti Màmá ń jó lábẹ́ tapólì, òógùn bò wá, inú mi dùn dé gongo.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí mo sin Màmá dé ẹnu ọ̀nà oko. Ẹ̀kọ́ tí ìrìn àjò náà kọ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo ní kó má bínú pé ère náà ò jọ Bàbá.

"Kò jọ ọ́ rárá," ó ní, ó gbé báàgì kọ́. "Ìgbà tí wọ́n gbè é ló tó jọ ọ́."