Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Gínníì Funfun

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní mò ń ṣarán. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti jẹun, ara mi dá, ibà kankan ò sì ṣe mí. Wálláhì, òótọ́ ni.

Aṣọ lèmi àti ọkọ mi, Bàbá Ràfíù, ń tà ní ọjà Ochanja ní Onitsha kí ogun tó dé. Gínníì funfun la mọ̀ jù. Ẹ gbọ́ o, gínníì a máa tan ojú jẹ. Yóò máa dán gbinrin, ẹ ó sì gbé e délé tán kẹ́ ẹ tó rí i pé òwú ti já níbì kan.

Nítorí náà, bí a bá tú ìdì tuntun, a ó ta aṣọ sórí okùn. Ọkọ mi á dúró lẹ́yìn rẹ̀, èmi á dúró níwájú. Yóò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára aṣọ, èmi náà á fi tèmi kò ó, aṣọ á wà láàárín. A ó di ojú, a ó jọ máa fà á lọ sísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá Ràfíù ní ojú tó bá là kì í jẹ́ kí ọwọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Níbi tí àbùkù bá wà, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Mama Obi, obìnrin Igbo tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwa, á ní, "Mama Rafiu, una dey sell cloth abi una dey play love?"

Nígbà tí ìlú dàrú, ọkọ mi kó èmi àtàwọn ọmọ sínú ọkọ̀ tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun á ta ọjà tó kù, òun á tẹ̀ lé wa. Ogun bẹ̀rẹ̀, ogun parí, a ò rí i.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ní ó ti kú. Wọ́n ní kí n ṣe opó, kí àbúrò rẹ̀ ṣú mi lópó. Àbúrò yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìyàwó, ta lo ń dúró dè?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wá a ná. Bí mo bá mọ̀ dájú pé ó ti kú, n ó gbà."

Bí mo ṣe padà sí Onitsha nìyẹn. Afárá ti já, ọkọ̀ ojú omi la fi sọdá. Ọjà ti di àlàpà. Mo bá Mama Obi láàyè, ó ti gbẹ bíi pánla. Ebi ogun ti pa Obi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo; ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sin ín sí Okpoko. Ní ti ọkọ mi, Mama Obi ní ó ti ìsọ̀ pa lọ́jọ́ kan, ó wí pé òun ń lọ sétí odò, kò sì padà wá.

Mò ń wá a kiri, mo sì ń ta aṣọ díẹ̀ tí mo gbé dání kí n lè rí nǹkan jẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ta gínníì kan sórí okùn, èmi nìkan. Mo di ojú. Mo tẹ́ ọwọ́ sí i.

Ọwọ́ kan pàdé tèmi láti ẹ̀yìn aṣọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé Mama Obi ni. Àmọ́ mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lápá ọ̀tún mi, ó ń ná iyọ̀. Ọwọ́ yẹn gbòòrò, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń fà lọ sísàlẹ̀, èmi náà ń bá a lọ. Ó dúró. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo lajú, mo ká aṣọ sókè. Kò sẹ́nìkan. Ògiri tó ti wó ló wà níbẹ̀, àti eruku tí ẹsẹ̀ kankan ò tẹ̀. Mo gbé ibi tó ti dúró sójú oòrùn. Òwú ti já níbẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti wo aṣọ yẹn láàárọ̀, mi ò rí i.

Mo sọ ọ́ fún Mama Obi. "Nne, siddon first," ló wí. Ó ní àbúrò òun kan wà tí ogun gé lápá, pé apá tí kò sí mọ́ yẹn ṣì máa ń yún un, á ní kí wọ́n bá òun họ ọ́. "Body no dey gree forget. Your hand dey find am, na im make you feel am."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Kó lè fi hàn mí pé kò sí nǹkan níbẹ̀, òun náà dìde, ó di ojú, ó tẹ́ ọwọ́ sára aṣọ.

Ó fà á yọ bí ẹni fọwọ́ kan iná.

Mo ní, "Kí lo bá níbẹ̀?"

Ó ń nu ọwọ́ náà mọ́ ìró rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá. Ó wá rọra sọ ọ́ sí mi létí: "No be your husband. Na small hand. E hold my finger as Obi dey hold am."

Nígbà tí mo padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, àbúrò ọkọ mi bi mí, "Ṣé o rí i?" Mo ní kó ṣì ní sùúrù. Bó bá jẹ́ ara wa ló ń wá ohun tó sọ nù, ọkọ mi lè wà láàyè níbì kan. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni Obi wá, a jẹ́ pé ibi tí Obi wà lọkọ mi wà. Àbúrò yẹn dúró dè mí títí, ó fẹ́ ẹlòmíì. Mi ò ṣe opó títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tí ẹ ń wá, ẹ má di ojú níwájú aṣọ tí oòrùn ń pa. Nǹkan lè fọwọ́ kàn yín. Ẹ ó mọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ibi tó ti wá.