Abẹ́rẹ́ Tó Wà Láàárín Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò

Mo rántí ìgbà tí ọ̀nà ńlá tó gba Ajah kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́ dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ìró òkun lọ́sàn-án gangan láti inú yàrá mi ní Ṣàngótẹ̀dó. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òkun sún mọ́ wa tó yẹn. Ariwo bọ́ọ̀sì àti ti jẹnẹrétọ̀ ló ti ń bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé láti Ìkìrun. Iṣẹ́ táìsì ló gbé mi wá. Èmi ni mò ń lẹ táìsì mọ́lẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé sí ìhà Lakowe, ilẹ̀ dídán tí mo máa ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀ kí ẹni tó ni ilé tó kó wọlé. Nígbà tí kòrónà dé, tí wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀, iṣẹ́ dúró. Mo wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi láti àárọ̀, mò ń wo eruku tó ń rà bàbà nínú oòrùn, mò ń gbọ́ òkun tó ń mí bí ẹni tó sùn. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ kan láyé yìí tí mi ò lè dá sí.

Ìyá Onílé la máa ń pe obìnrin tó ni ilé náà. Ọmọ bíbí àdúgbò yẹn ni wọ́n. Ilẹ̀ bàbá wọn gùn títí dé etí ọ̀sà nígbà kan, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ẹbí tà á, títí tó fi ku agbo ilé kan ṣoṣo, tí ògiri ẹsítéètì ńlá kan sì ga sókè lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò wọn ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí, ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn. Bàbá la máa ń pe ìyẹn. Ọkọ Ìyá ti kú, ìyàwó Bàbá náà ti kú, àwọn méjèèjì sì ti padà di ọmọ ilé kan náà bíi ti ìgbà èwe wọn. Ní àràárọ̀, Bàbá á jáde, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á ní, "Àǹtí mi, ẹ kú àárọ̀ o," Ìyá á sì bu ògì gbígbóná fún wọn. Wọ́n á wá máa sọ èdè wọn, èyí tó jọ ti Ìjẹ̀bú, tó yára bí òjò lórí páànù. Ìdajì rẹ̀ ló máa ń yé mi. Síbẹ̀ mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n lè rò pé ó yé mi tán.

Ìyá ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ, débi pé àwọn ará ilé ti dẹ́kun àtimáa béèrè. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ padà, ọ̀nà sì ti ń pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀, nígbà tó pe ìyá rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Àgbàlá la wà. Mo rí i tí Ìyá fi ìborùn bo ojú, tí èjìká wọn ń mì, mo rò pé ẹnì kan ló kú. Bàbá sáré jáde láì wọ bàtà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Àǹtí mi?"

"Oyún ti dúró lára ọmọ mi," ni Ìyá wí. "Ó ní kí n máa bọ̀ wá gbé ọmọ."

Bàbá kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò tíì sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Ó ní ẹni tó bá máa wọ Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà. Bí Bàbá ti gbọ́ èyí, wọ́n dìde, wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún wọn nù, wọ́n sì padà sí yàrá.

Gbogbo wa la mọ èrò Bàbá nípa abẹ́rẹ́ yẹn. Fóònù wọn kún fún ohùn àwọn èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá gbà á ò ní pẹ́ kú, pé irin á máa lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Àwa tá a kéré máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ló sọ fún mi, bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ kan, pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà ju fóònù lọ. Nígbà tí ìyàwó Bàbá ṣì wà ní ọ̀dọ́, ibà kan dá a wó, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ níṣojú ọkọ rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Bóyá abẹ́rẹ́ ló pa á, bóyá ibà ni, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún Bàbá. Wọ́n kàn ní kí Bàbá wá gbé òkú rẹ̀. Látìgbà náà, Bàbá kì í wo abẹ́rẹ́ lójú.

Nítorí náà, ìwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ ẹ̀gbọ́n wọn. "Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún yín. Àwọn kan wà tó ń bá èèyàn wá káàdì ẹ̀ láì gún un. Ẹ jẹ́ ká wá tiyín."

"Ìkókó ni mo fẹ́ lọ gbé," ni Ìyá dáhùn. "Mi ò fẹ́ gbé irọ́ lọ bá a."

Lẹ́yìn náà ni àwọn nọ́ọ̀sì wá sí àdúgbò pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé wa ni wọ́n pe àwọn èèyàn sí. Ká sọ tòótọ́, mi ò tíì rí ibi tí ará àdúgbò ti bára wọn jiyàn bẹ́ẹ̀ rí. Dírẹ́bà kan tó ń wa mọ́tò fún olówó kan ní VGC ní gbogbo ilé ọ̀gá òun ló ti gbà á, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Obìnrin kan dá a lóhùn pé ti olówó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbé wá fún tálákà. Ẹlòmíràn ní àmì òpin ayé ni. Nọ́ọ̀sì tó dàgbà jù nínú wọn ṣe sùúrù, ó ní apá lè dun èèyàn, ara lè gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kéèyàn máa wá èémí lọ. Èmi náà dìde, mo sọ̀rọ̀ gan-an. Mo ní ẹ̀yìn àwọn tó fẹ́ gbà á ni mo wà, ọ̀rọ̀ àwọn tí kò fẹ́ gbà á sì tún yé mi. Mo jókòó, mo ń retí àtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni Bàbá dìde. "Ẹni tó bá gba nǹkan yìí nínú ilé bàbá mi, kó má pè mí ní àbúrò mọ́."

Ìyá jókòó lórí àga wọn, wọn ò gbé ohùn sókè rárá. "Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́ bí ìyá wa bá lọ sódò. Àbúrò mi ni ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó dé. Àbúrò mi náà lo máa jẹ́ bí wọ́n bá gún mi tán."

Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ gbà á. Ọyẹ́ ò tíì dé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àárọ̀ yẹn funfun, gbogbo àwọn ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán lẹ́bàá ọ̀nà sì dà bí ohun tí ẹnì kan ń rò lọ́kàn. Nígbà tó kan wá, Ìyá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Onítáìsì, sọ̀rọ̀ Ìkìrun fún mi." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa àti bí ìkùukùu ṣe máa ń sùn sórí rẹ̀. Kí n tó dé ìdajì, wọ́n ti gún wọn tán. Wọ́n gún èmi náà. Èmi tí mo wá tu ẹlòmíràn nínú, èmi ni mo di ojú mi pinpin.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò jáde wá kí ẹ̀gbọ́n wọn mọ́. Ìyá ṣì ń bu ògì wọn, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, á sì tutù síbẹ̀ títí adìẹ á fi wá tọ́ ọ wò. Ilé náà dàbí ibi tí ẹnì kan ti ń ṣàìsàn.

Oyún ń dàgbà. Ìyá ti gba abẹ́rẹ́ kejì, ìwé ìrìnnà ti jáde, wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, báàgì ti wà ní dídì lórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí rédíò sọ pé kòrónà oríṣi tuntun ti dé. Kò pẹ́ sí i, Ìlú Ọba ní àwọn ò gba àlejò láti Nàìjíríà mọ́ fúngbà díẹ̀. Àwọn tó kọ abẹ́rẹ́ ní agboolé wa ń wo Ìyá bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ẹni tó ń bá wọn ṣètò ìrìn àjò wá ní ọ̀nà kan ṣì wà: kí wọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó sí orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ìjà tún bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ, àwọn kan ní kí wọ́n má lọ. Ìyá ti ń gbé báàgì wọn wò bóyá wọ́n á lè dá a gbé.

Ohùn kan jáde láti ẹnu ọ̀nà kejì. "Onítáìsì, bá mi bi ẹ̀gbọ́n mi pé bí ara wọn ò bá yá níbẹ̀ yẹn, ta ni wọ́n fẹ́ pè?"

Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju ibi tí ọwọ́ èèyàn lè nà dé lọ. Mo yíjú sí Ìyá. "Màmá, Bàbá ní..."

"Mo gbọ́. Sọ fún un pé Ọlọ́run ni mo máa pè."

"Bi wọ́n pé ṣé Ọlọ́run mọ nọ́ńbà fóònù wọn níbẹ̀."

Ìyá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu wọn. Ọjọ́ náà gan-an ni ọmọ pè láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ń sunkún, ó ní, "Màámi, ẹ má tíì wá. Bí nǹkan bá ṣe yín lọ́nà, mi ò ní lè dárí ji ara mi." Ìyá tú báàgì náà. Wọ́n yọ aṣọ ìkókó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀.

Obìnrin ni ọmọ Ìyá bí. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ dé láti ilé ìwòsàn, ìyá tuntun náà pè lórí fídíò. Ẹ̀rù ń bà á láti wẹ ọmọ, ọkọ rẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n. Ìyá ní kí n di fóònù mú. Wọ́n gbé àga kékeré àti bàsíà omi síta, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ká aṣọ ìnura kan títí tó fi dà bí ọmọ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ wọn. "Fi ọwọ́ òsì rẹ gbé orí, báyìí. Má bẹ̀rù. Bu omi." Àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, ojú ọmọ ń gé, ohùn ń já. Mo ń yí síbí, mo ń yí sọ́hùn-ún. Lójijì ẹnì kan gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Bàbá ni. Wọ́n rìn lọ sẹ́bàá kànga, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, wọ́n ní, "Àǹtí mi, ẹ súnmọ́ ibí."

Mo gbé àga, mo gbé bàsíà. Ìyá tún jókòó. Wọ́n ń fa ẹsẹ̀ aṣọ ìnura, wọ́n ń tẹ orí rẹ̀, wọ́n ń pọ́n ọn lé ní ohùn jẹ́jẹ́, lọ́hùn-ún ọmọ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ọmọ tòótọ́. Oòrùn ń ta sínú omi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń mì lójú Bàbá tó dúró láì mira. Omijé ń ṣàn sí irùngbọ̀n wọn, wọn ò sì lè nù ún, torí ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di fóònù mú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jáde, wọ́n tẹrí ba, wọ́n mu ògì wọn. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Nígbà tí Ìlú Ọba ṣí ilẹ̀kùn, Bàbá ló sin Ìyá dé pápákọ̀ òfurufú. Bàbá ò gba abẹ́rẹ́ náà títí dòní, Ìyá ò sì kábàámọ̀ pé àwọn gbà á. Bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n ṣì ń jiyàn.

Mo ti kúrò ní ilé yẹn, mo ti níyàwó, mo ti bímọ. Àwọn èèyàn máa ń bi mí nígbà míràn pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló jàre. Mo mọ ohun tí mo gbà gbọ́, tèmi ti wà lápá mi. Ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá ni ọmọ-ọmọ Ìyá wá sí Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì lọ kí wọn. Ó ń sáré kiri àgbàlá nínú aṣọ tí kò lápá. Bàbá pè é, ó wá, wọ́n sì rí àpá kékeré róbótó kan ní èjìká rẹ̀. Wọ́n bi ìyá rẹ̀ pé kí ni. Ó wo ìyá tirẹ̀ kó tó dáhùn. "Abẹ́rẹ́ ni, Bàbá. Nígbà tó wà ní ìkókó."

A dúró, à ń retí ọ̀rọ̀. Bàbá fi àtàǹpàkò kan àpá náà jẹ́jẹ́. Wọ́n bi ọmọ náà léèrè pé, "Ṣé ó dùn ọ́?" Kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó kàn ń wò wọ́n. Bàbá bá tẹ orí ba, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lápá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un.